Ìwé ẹ̀rí pé, sáfà kọ̀: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan nílùú Ìbàdàn

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà nílùú Ìbàdàn tí olú ọ́fíìsì rẹ̀ kò jìnnà sí Mókọ́lá, tó sì ní ẹ̀ka ní Dùgbẹ̀, Ìwó Road àti Ring Road. Orí ìkànnì kan ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo ìṣirò wọn: owó tí ọmọ ẹgbẹ́ dá, ẹ̀yáwó, onídùúró, èlé. Páásíwọọ̀dù nìkan ni òṣìṣẹ́ fi ń wọlé tẹ́lẹ̀, títí ìgbìmọ̀ fi gbọ́ pé àwọn kan ń pín páásíwọọ̀dù ẹyọ kan lò láàárín ara wọn. Ni wọ́n bá ní kí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí, ìyẹn fáìlì tó ń fi hàn pé ẹ̀rọ náà jẹ́ ti òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́, sórí láptọ́ọ̀pù olúkúlùkù. Láptọ́ọ̀pù tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì náà wà lórí rẹ̀, kò ní jẹ́ kó rí ojú ewé páásíwọọ̀dù rárá.

nginx, ètò tó ń dá ẹni tó bá ṣí ìkànnì lóhùn, ni sáfà náà ń lò, lórí Ubuntu. Wọn kò ra ìwé ẹ̀rí òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n dá CA tiwọn sílẹ̀, ìyẹn aláṣẹ tó ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí. Méjì ni CA yìí. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí ti CA àgbà, èyí tó fi ń fọwọ́ sí ìwé, wà lórí fíláàṣì kan tí akápò tì mọ́ inú sééfù. CA àgbà ló fọwọ́ sí CA kékeré, CA kékeré ló wá ń fọwọ́ sí ti òṣìṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ sì wà lórí kọ̀ǹpútà kan ní Mókọ́lá, kò sí lórí sáfà. Ètò tó dáa ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ torí pé lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, nínú ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa ń san ẹ̀yáwó. Ẹ̀ka Dùgbẹ̀ ló kọ́kọ́ pe Mókọ́lá pé ìkànnì kò gbà wọ́n wọlé. Kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀, Ring Road náà ti ń pè. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń rí: "400 Bad Request", lábẹ́ rẹ̀ "The SSL certificate error", orúkọ nginx sì wà nísàlẹ̀. Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ló yàtọ̀, ti akápò. Tirẹ̀ ń kọ "No required SSL certificate was sent". Ẹ fi ti akápò yìí sọ́kàn, torí òun ló ṣi wọ́n lọ́nà jù.

Nẹ́tíwọọ̀kì ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi, bí a ti máa ń ṣe. Wọ́n pa ráútà, wọ́n tún un tàn, wọ́n fi fóònù pín dátà. Bẹ́ẹ̀, ojú ewé tó bá ti gbé orúkọ nginx dání, ọ̀dọ̀ sáfà ló ti wá. Nẹ́tíwọọ̀kì ti jíṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn kì í ṣe ọ̀lẹ, orí rẹ̀ sì pé. Ó yẹ ìwé ẹ̀rí àwọn òṣìṣẹ́ wò, ó rí i pé àsìkò wọn kò tíì tán. Ó yẹ ti sáfà fúnra rẹ̀ wò, kò sí àbùkù níbẹ̀. Ló bá pinnu pé òun á ṣe ìwé ẹ̀rí tuntun fún ẹnì kan kí òun fi dán an wò, ó sì yan ìyá tó ń jókòó sí káwúńtà ní Dùgbẹ̀. Ó ṣe é tán, ó kó òun àti kọ́kọ́rọ́ àṣírí rẹ̀ sínú fáìlì .p12, ó gbé e lọ fún wọn. Windows ní páásíwọọ̀dù fáìlì náà kò tọ́. Ó tún un tẹ̀, ó dín lẹ́tà ńlá, ó fi kún un.

"Ọmọ mi, ṣé o rántí ohun tí o fi ṣe páásíwọọ̀dù ọ̀hún báyìí?"

"Mo rántí o, mà. Ó wà nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ mi yìí."

Òótọ́ ló sọ. Páásíwọọ̀dù náà tọ́. OpenSSL 3, ètò tó fi ṣe ìwé ẹ̀rí náà, tó jáde ní 2021, ti yí bí wọ́n ṣe ń pàrokò fáìlì .p12 padà sí AES-256, láptọ́ọ̀pù ìyá náà sì ń lo Windows àtijọ́ tí kò mọ irú rẹ̀ kà. Windows yẹn kì í sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n kà. Páásíwọọ̀dù ló máa ń dá lẹ́bi. Ẹni tó bá bá a pàdé, kó fi -legacy kún àṣẹ openssl pkcs12 -export, fáìlì náà á wọlé wẹ́rẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rí ọgbọ́n yẹn dá nígbà tó yá, ìwé ẹ̀rí tuntun wọ inú Windows, Chrome gbé e jáde kí ìyá náà yàn án, ó yàn án. "400 Bad Request. The SSL certificate error."

Lójú tèmi, ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ìwé ẹ̀rí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ọwọ́ CA, tí àsìkò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí sáfà sì tún kọ̀, ti sọ fún wa pé kò sí ohun tí a ń wá kiri lórí láptọ́ọ̀pù ẹnikẹ́ni mọ́. Òun náà rò ó bẹ́ẹ̀, ó lọ ṣí /var/log/nginx/error.log, fáìlì tí nginx ń kọ àṣìṣe sí. Kò rí ohunkóhun níbẹ̀ nípa ìwé ẹ̀rí, kò rí ìlà kan ṣoṣo. Ló bá gbà pé sáfà kò ní ẹ̀sùn kankan sí wọn lọ́rùn, ó padà sórí láptọ́ọ̀pù. Ó wá rántí ti akápò, "No required SSL certificate was sent", ó ní àṣé Chrome ni kò fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́, bóyá Chrome ló yí padà lóru. Ọ̀nà yẹn jẹ ìyókù ọjọ́ náà run. Ó yí ssl_verify_depth sókè, ó kó fáìlì CA kúrò, ó dá a padà, ó gbé Firefox lé orí ẹ̀rọ àwọn kan. Pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wá gba ẹ̀yáwó ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Máníjà ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe ohunkóhun tó bá lè ṣe. Ó yí ìlà kan padà nínú ètò nginx: ssl_verify_client tó wà ní on, ó sọ ọ́ di optional, pẹ̀lú èrò pé sáfà á gbójú fo ìwé ẹ̀rí tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú nginx, optional túmọ̀ sí pé bí o kò bá mú ìwé ẹ̀rí wá, kò burú. Bí o bá mú un wá tí kò sì yege, 400 náà ni wà á rí. Nítorí náà, gbogbo àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí ṣì wà níta. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni akápò, tí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni òṣìṣẹ́ kan ní Ìwó Road fi ìkánjú tẹ Cancel nígbà tí Chrome ní kó yan ìwé ẹ̀rí, ojú ewé páásíwọọ̀dù sì yọ sí i. Ló bá gbé fóònù: "Ẹ má yan nǹkan kan o! Cancel ni kẹ́ ẹ tẹ̀, ó ń gbà!" Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo ẹ̀ka ti ń tẹ Cancel, iṣẹ́ ń lọ, inú oníkálukú ń dùn.

Inú máníjà nìkan ni kò dùn. Ó pe èmi tí mo ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lálẹ́ ọjọ́ náà, ìbéèrè rẹ̀ sì dára ju ti ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ lọ: báwo ni sáfà ṣe máa kọ ẹni tó mú káàdì wá, tó máa gba ẹni tó wá lọ́wọ́ òfo?

Nígbà tí mo dé Mókọ́lá lọ́jọ́ kejì, fóònù mi ni mo kọ́kọ́ yọ. Mo pa Wi-Fi, mo lo dátà ara mi, mo tẹ àdírẹ́sì ìkànnì náà, mo gbé e síwájú máníjà. Ojú ewé páásíwọọ̀dù ẹgbẹ́ wà níbẹ̀ rekete.

"Fóònù yín nìyẹn?"

"Fóònù mi ni, sà."

"Ẹ ò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa?"

"Mi ò gba nǹkan kan, sà. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ àdírẹ́sì yìí lè rí i láti ibikíbi lágbàáyé báyìí."

Kò tún sí ẹni tó ní ká ṣe sùúrù mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ìdí tí error.log fi ṣófo kò le láti ṣàlàyé. nginx máa ń kọ ìdí tó fi kọ ìwé ẹ̀rí oníbàárà, ṣùgbọ́n ìpele info ló kọ ọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ìpele error ni error_log wà bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un pé kó ṣe bí mìíràn. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ìpele yẹn, kò ní wọ inú fáìlì. A fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, info, kún òpin ìlà error_log, a ní kí nginx tún ètò rẹ̀ kà, a sì ní kí ìyá Dùgbẹ̀ yan ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìlà náà jáde lójú ẹsẹ̀:

client SSL certificate verify error: (12:CRL has expired) while reading client request headers

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kà á sókè, ó dákẹ́, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé ẹ̀rí kọ́ ni àsìkò rẹ̀ tán."

Kì í ṣe òun lóòótọ́. CRL ni àkójọ ìwé ẹ̀rí tí CA ti wọ́gi lé. Nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, akọ̀wé kan fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, alágbàṣe kan sì bá wọn wọ́gi lé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó ṣe CRL jáde, ó fi ìlà ssl_crl kún ètò nginx, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé CRL fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ tí àsìkò rẹ̀ ń tán. RFC 5280 ti 2008, ìwé ìlànà lórí ìwé ẹ̀rí, ló pa á láṣẹ pé kí CA máa kọ ọjọ́ tí àkójọ tuntun yóò jáde sínú gbogbo CRL, nextUpdate ni wọ́n ń pè é, ètò ìbẹ̀rẹ̀ tó bá OpenSSL wá sì fi í sí ọjọ́ 30. Ká fi ojú mẹ́gáàdì èsítéètì wò ó: wọ́n fún un ní ìwé tí orúkọ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ wọlé wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé pé títí òpin oṣù yìí nìkan ni kó fi ṣiṣẹ́. Bí oṣù bá parí tí kò gba ìwé mìíràn, kò mọ ẹni tí wọ́n tún ti lé lẹ́yìn náà, á kúkú ti géètì mọ́ gbogbo ènìyàn. Ohun tí OpenSSL ń ṣe nìyẹn, kò sì burú. Bí ó bá ń gba CRL àtijọ́, ẹni tí wọ́n lé lónìí lè máa fi ti àná wọlé.

A lo openssl crl -noout -nextupdate láti fi yẹ fáìlì náà wò. Aago 4:40 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ní GMT, ni àsìkò rẹ̀ tán, ìyẹn aago 5:40 níbí. Ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ 30 lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ Àìkú ló máa bọ́ sí. Ọ́fíìsì wà ní títì nígbà yẹn, ìyẹn ni gbogbo rẹ̀ fi dà bí ohun tó ṣẹlẹ̀ lójijì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ó rọrùn láti pa ssl_crl rẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn ni pé akọ̀wé tó ti lọ lè padà wọlé. A pa á rẹ́ fún ìgbà díẹ̀, a dá ssl_verify_client padà sí on, a wá fi ìlà kan sí i pé bí $ssl_client_serial bá jẹ́ nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí akọ̀wé yẹn, kí nginx dá 403 padà, ìyẹn pé a kò gbà á láàyè. A rí .p12 rẹ̀ nínú àpò fáìlì ọ̀dọ́mọkùnrin náà, a fi dán an wò, 403 ló rí. (Kò yẹ kí .p12 òṣìṣẹ́ kankan ṣì wà níbẹ̀ o. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí wà nínú rẹ̀. A pa gbogbo wọn rẹ́ nígbà tí iṣẹ́ tán.) Iṣẹ́ ń lọ, kò sí àlejò tó lè yọjú, a wá ráyè ṣe CRL dáadáa.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ sídìí kọ̀ǹpútà tí CA kékeré wà, ó ṣe CRL tuntun, ó fi rọ́pò ti àtijọ́, a dá ssl_crl padà. Sáfà tún kọ̀. Inú àwọn tó dúró tì wá bà jẹ́, ṣùgbọ́n ìlà tó wà nínú error.log ti yí padà: (3:unable to get certificate CRL). Nọ́ńbà tó yí padà ti fi hàn pé a ti kúrò lójú kan. nginx kì í yẹ òṣìṣẹ́ nìkan wò. Bí ẹ bá ti fún un ní ssl_crl, ó máa bi CA kékeré léèrè nípa òṣìṣẹ́, ó sì tún máa bi CA àgbà léèrè bóyá kò tíì wọ́gi lé CA kékeré. CRL méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì kan náà. Alágbàṣe ọjọ́sí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó fi méjèèjì síbẹ̀. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rọ́pò rẹ̀ ní ẹyọ kan. Ti àgbà tó wà nínú fáìlì àtijọ́ pàápàá ti kú, ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ ṣe wọ́n.

Ó di dandan ká ṣí sééfù. Màmá tó jẹ́ akápò gbé àpòòwé kan jáde, sẹ́lótéèpù yí i ká, ìbuwọ́lù méjì wà lórí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Ìdajì páásíwọọ̀dù kọ́kọ́rọ́ náà wà lọ́wọ́ wọn, ìdajì yòókù wà lọ́wọ́ alága, a sì dúró de alága kí wọ́n ti Bódìjà dé. Wọ́n tẹ tiwọn, wọ́n yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Màmá tẹ tiwọn náà. A ṣe CRL ti CA àgbà fún ọjọ́ 365, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣí àpòòwé yẹn lóṣooṣù, a so ó pọ̀ mọ́ ti CA kékeré, a ní kí nginx tún ètò rẹ̀ kà. Ìyá Dùgbẹ̀ wọlé, akọ̀wé tó ti lọ kò wọlé mọ́, a sì yọ ìlà 403 kúrò.

Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń pè pé "No required SSL certificate was sent" ni àwọn ń rí báyìí. Gbogbo wọn ló ti tẹ Cancel lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Chrome máa ń rántí ìpinnu yẹn títí wọ́n á fi pa á pátápátá. Títí ojú ewé kan nìkan kò tó. Wọ́n pa gbogbo fèrèsé Chrome, wọ́n tún un ṣí, ó bi wọ́n, wọ́n yàn.

Ti akápò yàtọ̀ sí èyí. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti fọ láptọ́ọ̀pù Màmá mọ́ tí wọ́n sì fi Windows tuntun sí i, ìwé ẹ̀rí sì bá a lọ. Wọ́n fi fáìlì .crt ránṣẹ́ sí Màmá dípò .p12. Ìwé ẹ̀rí wà nínú .crt, kọ́kọ́rọ́ àṣírí kò sí níbẹ̀. Windows kó o sábẹ́ "Other People", Chrome kò sì lè fi í dáhùn. Kí ọjọ́ Ajé yẹn tó dé ni àléébù yìí ti wà, pé Màmá kì í sábà wọ ìkànnì fúnra wọn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Àléébù méjì tí kò bára tan ló pàdé lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ tí sáfà kọ fún wọn sì yàtọ̀ síra láti ìbẹ̀rẹ̀. "The SSL certificate error" ni pé mo rí i, kò tẹ́ mi lọ́rùn. "No required SSL certificate was sent" ni pé mi ò rí nǹkan kan. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan wá ìdí èkejì.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fi tẹ Cancel ṣì kù. Máníjà fẹ́ mọ̀ bóyá àlejò kankan wọlé lásìkò náà. access.log wọn, níbi tí nginx ń kọ àwọn tó wá sí, kò lè dáhùn, torí $ssl_client_verify (èsì àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí) àti $ssl_client_s_dn (orúkọ tó wà lórí rẹ̀) kò sí nínú log_format wọn, ìlà tó ń sọ ohun tí nginx máa kọ; àkọsílẹ̀ tí ètò ìṣirò fúnra rẹ̀ ń ṣe la fi wá a, òṣìṣẹ́ nìkan la sì rí níbẹ̀. A ti fi méjèèjì kún un báyìí. Ẹni tó bá ní ìdí pàtàkì láti lo optional, kó rí i pé ìlà mìíràn ń yẹ $ssl_client_verify wò, tó ń lé gbogbo ẹni tí kò bá jẹ́ SUCCESS padà, torí nginx kò ní bá a ṣe é.

Fún CRL, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń ṣe ti CA kékeré tuntun ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, fún ọjọ́ 60, kí oṣù kan tó bá gbàgbé má baà ti ọ́fíìsì pa. Bó bá gbé e sórí sáfà, ó gbọ́dọ̀ ní kí nginx tún ètò rẹ̀ kà, torí ìgbà tó bá ń ka ètò nìkan ló ń ka CRL. A fi cron, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lásìkò tí a dá fún un, sí i tó ń yẹ nextUpdate wò lójoojúmọ́, tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ bó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ kíyè sí i níbẹ̀ o: bí CRL méjì bá wà nínú fáìlì kan, ti àkọ́kọ́ nìkan ni openssl crl máa ń kà. Cron tó bá wo fáìlì àpapọ̀ yẹn á máa sọ lójoojúmọ́ pé àlàáfíà ni, títí ti CA àgbà yóò fi kú nísàlẹ̀ rẹ̀. Fáìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń yẹ̀ wò, lẹ́yìn ìyẹn la tó ń so wọ́n pọ̀.

Apache, ètò sáfà mìíràn bíi nginx, ní irú èyí pẹ̀lú. SSLCARevocationCheck ló ń pinnu rẹ̀ níbẹ̀: chain ń béèrè CRL gbogbo CA tó wà lókè òṣìṣẹ́, leaf ń béèrè ti òṣìṣẹ́ nìkan, none ni ó sì máa ń wà bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi CRL síbẹ̀ tí wọ́n sì gbà pé àwọn ti lé ènìyàn jáde, tí none sì wà níbẹ̀ tí ń wò wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń dán nǹkan mẹ́ta wò kí n tó sọ pé iṣẹ́ tán: ìwé ẹ̀rí tó dáa, èyí tí wọ́n ti wọ́gi lé, àti láptọ́ọ̀pù tí kò ní ìkankan. Ọ̀kan péré ló gbọ́dọ̀ wọlé.